Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ayé àtijọ́ tí wọ́n "tún ṣe": kí ni wọ́n ń tún ṣe gan-an, kí ló dé tí kì í tán?

Tí ẹ bá ń tẹ̀lé ìròyìn àwọn ẹ́ńjìnnì rélùwéè ayé àtijọ́ tó ń lo sítíìmù, tí wọ́n ṣì ń dáná sí títí dòní, ẹ ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọn máa ń dojú rú. Lónìí wọ́n á ní àwọn ti tún ọ̀kan ṣe tán, owó ńlá ló wọlé sí i, èrò á tú jáde láti wò ó, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọ́n á máa juwọ́. Tó bá tó ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ ó gbọ́ pé wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì kan náà kalẹ̀, pé wọn ò gbọdọ̀ dáná sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń sáré geerege tí nǹkankan ò ṣe é. Ẹlòmíì á ní jìbìtì ni. Ẹlòmíì á ní ṣebí bọ́ílà míì ni wọ́n gbé lé e, sìlíńdà tuntun, irin ìdí tuntun, kí ló wá kù tí wọ́n fi ń pè é ní ẹ́ńjìnnì ọdún 1923? Èmi tí ìfẹ́ nǹkan yìí ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn èèyàn ò yé bi mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ́ílà ni. Gbogbo ẹ̀ pátá, orí bọ́ílà ló dá lé. Wíìlì lè jẹ́ ti 1923, orúkọ lè jẹ́ ti 1923, ẹ lè kùn ún kó máa dán gbinrin, tí bọ́ílà ò bá ti ní ìwé àṣẹ láti dáná sí i, irin lásán ló dúró síbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná. Irin roboto gbọọrọ tó gba orí ẹ́ńjìnnì látiwájú dé ẹ̀yìn yẹn ni bọ́ílà. Ní ìdí ẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí dírẹ́bà àti fáyàmáàn, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó iná, dúró sí, àpótí irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń da èédú sí, ibẹ̀ ni iná ń jó. Àpótí yẹn wà nínú àpótí míì tó tóbi jù ú lọ, omi ló wà láàárín méjèèjì. Ooru iná ò kàn ń bá tiẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ o, ó máa gba inú ọ̀pọ̀ páìpù tó la àárín omi kọjá lọ síwájú kó tó rí ihò èéfín, gbogbo ibi tó bá sì gbà ló ti ń se omi. Omi á di sítíìmù, sítíìmù ò ríbi lọ, agbára ẹ̀ á máa ga sí i, ìgbà tí dírẹ́bà bá ṣí i sílẹ̀ ló máa sáré wọ sìlíńdà lọ ti písítìnnì, písítìnnì á ti ọ̀pá, ọ̀pá á yí wíìlì. Tí sítíìmù bá ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán á gba ihò èéfín tú jáde, òun ni "fù, fù, fù" tí gbogbo ayé fi mọ ọkọ̀ yìí. Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: bó ṣe ń tú jáde yẹn ló ń fa atẹ́gùn gba inú iná, torí náà bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni iná ẹ̀ á ṣe máa jó tó, kò sí fáànù kankan ńbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ronú kan èyí ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, orí wọn pé.

Ewu ẹ̀ wá ńkọ́? Omi tá a gbé kaná nílé, tó bá ti gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius ó ti hó. Nínú bọ́ílà tí agbára sítíìmù ẹ̀ jẹ́ 250 pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, omi á gbóná kọjá 200 kó tó hó. Ìyẹn ni pé omi yẹn ti fẹ́ di sítíìmù tipẹ́tipẹ́, agbára tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìkan ni ò jẹ́. Tí irin bá wá ya níbì kan, tí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò, á bẹ̀rẹ̀ sí í di sítíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó bá sì ti di sítíìmù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600 ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo èyí tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù omi. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ni àpótí iná yẹn. Ara ẹ̀ pẹrẹsẹ ni, irin pẹrẹsẹ kì í sì í lè dúró lábẹ́ agbára sítíìmù, ó máa fẹ́ wú síta tàbí kó tẹ̀ wọlé, torí náà wọ́n máa ń fi àwọn bóòtù kéékèèké so ó mọ́ àpótí tó wà níta, ọgọ́rọ̀ọ̀rún bóòtù, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Tí ẹ bá rí ìnsípẹ́kítọ̀ bọ́ílà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rí i tó rá pálá wọ inú àpótí iná láti ẹnu ihò tí wọ́n ń da èédú gbà, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré kan. Á máa gbá orí bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tẹ́tí sí i. Èyí tó dáa á dún gbangan, èyí tó ti kán sínú á dún gbọ̀, ó sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Èèyàn á ní nínú ayé tí a wà yìí, ṣé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é ni? Ó wà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn bí irin ṣe nípọn tó, wọ́n ń fi X-ray wo ibi tí wọ́n jó pọ̀, síbẹ̀ òòlù ò tíì kúrò ńbẹ̀.

Nǹkan kejì ni pé orí àpótí iná yẹn ò gbọdọ̀ yọ sókè omi láé. Tí omi bá bò ó, omi yẹn ló ń gba ooru kúrò lára irin. Tí omi bá lọ sílẹ̀ tí irin wá wà lórí iná lásán, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á gbóná débi tó máa rọ̀, sítíìmù á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìdí nìyẹn tí fáyàmáàn kì í fi í gbójú kúrò lára gíláàsì tó ń fi ibi tí omi dé hàn, méjì ni wọ́n sì máa ń fi sí púpọ̀ nínú wọn kó má lọ jẹ́ pé èyí tó ń wò ló ń pa irọ́ fún un. Wọ́n tún máa ń ki òjé sínú ihò kan lórí àpótí yẹn, tí omi bá fi lọ sílẹ̀ òjé á yọ́, sítíìmù á fọ́n sínú iná, àwọn tó wà níbẹ̀ á mọ̀ pé wàhálà ti dé. Lóṣù Kẹfà ọdún 1995, lórí ojú irin Gettysburg Railroad ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, nǹkan yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì 1278 tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́: omi lọ sílẹ̀, orí àpótí iná tẹ̀ wọlé, sítíìmù rọ́ bo àwọn mẹ́ta tó ń wa ọkọ̀, wọ́n jóná, Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí wọn ò kú. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ fún ìjọba rí i pé ìtọ́jú bọ́ílà yẹn ò péye. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà jókòó tún gbogbo òfin bọ́ílà ọkọ̀ ojú irin kọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé ti wọlé nìyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá ti tún bọ́ílà ṣe tán, tí ìnsípẹ́kítọ̀ àti àwọn oníńṣúọ́ránsì gbà pé ó dáa, wọ́n á fún un ní ìwé tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ílà, ọdún 10 ló sábà máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Tí ọdún mẹ́wàá bá pé, ó tán nìyẹn, àfi tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá fi díẹ̀ kún un. Kò kan bóyá ẹ́ńjìnnì yẹn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ àbí ó kàn jókòó sínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí wọ́n fi dáná sí i ni wọ́n ń kà, tó bá pé 1,472 ọjọ́ tàbí ọdún 15, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, wọ́n á tú u palẹ̀. (Ẹni tó bá mọ Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí, á rẹ́rìn-ín síbí yìí, torí 1472 ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí òun náà lára nígbà tó jáde. Kò sí nǹkan tó so wọ́n pọ̀ o, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.) Tèmi ni pé ti Amẹ́ríkà yẹn mọ́gbọ́n dání jù fún ẹgbẹ́ tí ò lówó, torí ẹ̀yin tí ẹ kì í dáná jù òpin ọ̀sẹ̀ lọ, kí ló dé tí ẹ ó fi máa san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́? Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìdí wọn, irin tó jókòó náà ń dógùn-ún, omi tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ bọ́ílà ò mọ̀ pé ìsinmi lẹ wà.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nígbà tí ìwé bá tán? Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga dẹ́ẹ̀pù nílé, ẹ wo ìdí kẹ́tù yín, ẹ ó rí nǹkan funfun gbanjan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù àti ara àpótí iná, tó bá sì ti nípọn, ooru ò ní rí omi gbé fún mọ́, irin fúnra ẹ̀ ló máa gbà á. Wọ́n máa ń fi omi fọ inú ẹ̀ látìgbàdégbà, wọ́n máa ń da kẹ́míkà sómi, síbẹ̀ èyí tó bá sá sí kọ̀rọ̀, ojú ò lè rí i. Nítorí náà tí ọdún mẹ́wàá bá pé, kéréènì á gbé bọ́ílà kúrò lórí férémù, wọ́n á fa gbogbo páìpù yọ, wọn ò ní dá wọn padà o, tuntun ni wọ́n á fi sí i. Wọ́n á gé ibi tí irin ti fẹ́lẹ́ kúrò, wọ́n á jó tuntun mọ́ ọn, bóòtù tó bá ti kán wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n á wá rọ omi tútù kún un fọ́fọ́, wọ́n á fi agbára tì í kọjá ibi tí sítíìmù máa tì í dé, tó bá ń jò, wọ́n á rí i. Omi tútù ni wọ́n ń lò torí tó bá ya, omi á kàn dà sílẹ̀ ni, kò ní pààyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa dáná. Fún ẹ́ńjìnnì ńlá, gbogbo iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, owó ẹ̀ lè kọjá mílíọ̀nù kan pọ́ùn, torí wọn ò ní tún bọ́ílà nìkan ṣe, tí wọ́n bá ti tú u, wọ́n á rí àìsàn míì.

Ohun tó bá Flying Scotsman gan-an nìyẹn. Doncaster ni wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dún 1923, Nigel Gresley ló ya àwòrán ẹ̀, òun ni ẹ́ńjìnnì sítíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin pé ó sáré dé 100 máìlì ní wákàtí kan, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1934. Lọ́dún 1963 tí British Railways, ilé iṣẹ́ rélùwéè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ta á fún àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Alan Pegler san £3,000 rà á. Pegler gbé e lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, owó tán lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, ó wọko gbèsè, ẹ́ńjìnnì há sí California títí William McAlpine fi lọ rà á wálé lọ́dún 1973. Wọ́n tún gbé e dé Australia lẹ́yìn ìyẹn, níbi tó ti sáré 422 máìlì láìdúró lọ́dún 1989. Mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, National Railway Museum tó wà ní York, rà á ní 2004 ní £2.3 mílíọ̀nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 2006, ó di 2016 kó tó jáde, £4.2 mílíọ̀nù ló sì gbé mì. Bí wọ́n ṣe ń tú ibì kan ni wọ́n ń rí ibòmíì tó ti sán, títí kan férémù tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà gbé èrò láti téṣàn King's Cross ní London lọ sí York, ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2016, àwọn èèyàn ya bo ojú irin láti ya fọ́tò débi tí ọkọ̀ fi ní láti dúró. Ìyẹn ò dáa o, irin tí ọkọ̀ ń gbà kì í ṣe ibi ìyafọ́tò.

Ó wá kan ìbéèrè tó le jù: ṣé òun náà ṣì ni? Àwọn tó ń bèèrè máa ń rò pé àwọn tó tún un ṣe lóde òní ló ba á jẹ́, pé nígbà kan rí bọ́ílà tiẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi ni bọ́ílà ti ń pààrọ̀ ara wọn. Ẹ rò ó wò: ní Doncaster, tí ẹ́ńjìnnì bá wọlé fún àtúnṣe, iṣẹ́ bọ́ílà máa ń pẹ́ ju ti ìdí lọ, ta ló fẹ́ kí férémù àti wíìlì tó ti dáa jókòó máa retí bọ́ílà? Èyí tí wọ́n ti tún ṣe tán tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á gbé lé e, tiẹ̀ á lọ sórí ẹlòmíì. Flying Scotsman ti lo bọ́ílà àwọn arákùnrin ẹ̀ léraléra kó tó di pé ẹnikẹ́ni pè é ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n tún sọ ọ́ di oríṣi míì, láti A1 sí A3, lọ́dún 1947, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé ibi ìjókòó dírẹ́bà láti ọ̀tún sí òsì, wọ́n fún un ní ihò èéfín alápapọ̀ méjì, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí èéfín má baà bo dírẹ́bà lójú. Nọ́ńbà ẹ̀ náà ti yí láti 1472 sí 4472, sí 502, sí 103, sí 60103.

Torí náà tí ẹnì kan bá ní kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà gan-an, ẹ bi í pé ọjọ́ wo? Ìjà ọ̀dà tí wọ́n jà lórí ẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn kan ń fẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ti 1930 pẹ̀lú 4472, ṣùgbọ́n ara tó ní báyìí, tòun ti irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ara ọdún 1960 ni, mùsíọ́ọ̀mù sì kùn ún ní àwọ̀ ewé tó ṣú ti British Railways pẹ̀lú 60103 kí aṣọ lè bá ara mu. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, ohun tó ń sọ ẹni tí ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni pé ìgbésí ayé ẹ̀ ò já látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, férémù ló sì máa ń gbé orúkọ dání, kì í ṣe bọ́ílà.

Ẹ́ńjìnnì kan tó ń jẹ́ Tornado wá dé, ó tún da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ́ńjìnnì 49 ni wọ́n kọ́ nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní Peppercorn A1 (kì í ṣe A1 ti Flying Scotsman o), àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù gé gbogbo wọn pátá, kò ku ẹyọ kan. Lọ́dún 1990 àwọn èèyàn kan ní àwọn máa kọ́ èyí tó kàn. Ẹ gbọ́ o, wọn ò ní àwọn máa tún un ṣe, wọ́n ní àwọn máa kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀. Owó kékeré tí àwọn èèyàn ń dá lóṣooṣù ni wọ́n fi ń ṣe é, iye tó máa ra ife bíà kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọdún 18 ni wọ́n fi kọ́ ọ ní Darlington, owó ẹ̀ tó £3 mílíọ̀nù, ó jáde ní 2008, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà 60163, torí 60162 ni ìkẹyìn àwọn ti àtijọ́. Kò sí ẹni tó lè ṣe bọ́ílà ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ nígbà náà, Meiningen ní Jámánì ni wọ́n ti lọ ṣe é, níbi tí ọgbọ́n bọ́ílà ńlá ò tíì kú. Àwọn kan máa ń yínmú sí i pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ní Kérésìmesì 2009 tí yìnyín dá àwọn ọkọ̀ tuntun dúró ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tornado tó gbé àwọn tó ń jẹun ọdún jáde ló kó àwọn tó há sí téṣàn London Victoria lọ sílé wọn. Tí wọ́n bá ń bi mí, ẹ́ńjìnnì gidi ni, ó kàn jẹ́ pé wọn ò bí i lọ́dún 1949 ni.

Àwọn tó ṣẹ́kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn ò bá má sí mọ́ tí kì í bá ṣe àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù kan. British Railways fòpin sí ọkọ̀ sítíìmù lóṣù Kẹjọ ọdún 1968, wọ́n ti ń ta wọ́n lọ́pọ̀ yanturu ṣáájú ìgbà yẹn. Dai Woodham, oníkọ̀ńdẹ́mù kan ní Barry, ní Wales, rà tó bí 300, ṣùgbọ́n àwọn wágọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀ rọrùn láti gé jù, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kọ́kọ́ dojú kọ ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì wá tò sí etí òkun níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, atẹ́gùn iyọ̀ ń jẹ wọ́n, àwọn olè ń yọ idẹ ara wọn, àwọn ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlá-lé-ní-igba àti ẹyọ kan, ìyẹn 213, ló yọ níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀ jù ni Duke of Gloucester, 71000. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ nínú oríṣi ẹ̀, ní Crewe lọ́dún 1954, àwọn fáyàmáàn ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ó ń jẹ èédú bí ẹni jẹ gúgúrú, sítíìmù ò tó. Ọdún mẹ́jọ péré ni wọ́n lò ó tí wọ́n fi pa á tì. Wọ́n gé sìlíńdà ẹ̀ kan lọ gbé sí Science Museum, ìyókù di ti Barry. Àwọn tó rà á ní 1974, gbogbo èèyàn ló sọ pé orí wọn ti dàrú. Ọdún 1986 ni wọ́n parí ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ṣe àwọn ohun tó ti sọnù. Níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán wé irin ni wọ́n ti rí i pé ihò èéfín ẹ̀ ò tóbi tó bó ṣe yẹ, àti pé ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ abẹ́ iná, wọn ò ṣe é bó ṣe wà nínú àwòrán. Wọ́n tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pè ní ọ̀lẹ di ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù lórí irin. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi bú u nítorí àṣìṣe ẹni tó kọ́ ọ.

Àwọn Amẹ́ríkà tiwọn máa ń tóbi ni. Big Boy 4014 tí ilé iṣẹ́ ALCO kọ́ fún ilé iṣẹ́ rélùwéè Union Pacific lọ́dún 1941, òun àti tẹ́ńdà ẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn tó ń gbé omi àti ohun tí wọ́n ń fi dáná, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 132, wọ́n jọ wúwo tó mílíọ̀nù 1.2 pọ́ùn, wíìlì ẹ̀ pọ̀ débi pé ó ní láti ṣẹ́ ní àárín kó tó lè yí kọ́nà. Ó ti wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní California látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Union Pacific gbà á padà ní 2013, wọ́n gbé e lọ sí Cheyenne, wọ́n tún un ṣe, ó sáré padà lóṣù Karùn-ún 2019 nígbà tí wọ́n ń ṣe 150 ọdún ojú irin tó so ìlà oòrùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Èédú ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, epo ni wọ́n sọ ọ́ di báyìí. Ilé iṣẹ́ rélùwéè gidi ló ni ín, owó wà, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ẹgbẹ́ tó ń ta tíì àti kéèkì láti ra páìpù.

Mo ti sọ pé bọ́ílà ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kéékèèké míì wà tó ń rú èèyàn lójú tí ẹ bá dúró sí téṣàn. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó máa ń wà lẹ́yìn yẹn, ẹ má rò pé òun ló ń ti sítíìmù káàkiri. Òun ló sábà máa ń fún àwọn kọ́ọ̀ṣì ní iná mànàmáná, ó sì wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ má baà dí ojú irin tí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́. Lóòótọ́ ó máa ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ lórí òkè nígbà míì, àwọn tó fẹ́ràn ohùn sítíìmù sì máa ń kùn sí i. Èéfín funfun tí ẹ ń rí, kì í ṣe èéfín, sítíìmù tó pàdé òtútù ni. Èyí tó dúdú kirikiri ni èéfín, iná ò jó dáadáa nìyẹn, àwọn ayafọ́tò fẹ́ràn ẹ̀, fáyàmáàn tó mọṣẹ́ ò fẹ́ràn ẹ̀. Omi tún ni wàhálà míì: ayé àtijọ́ omi wà ní téṣàn gbogbo, kódà wọ́n la kòtò omi sí àárín irin tí ọkọ̀ ń bu omi níbẹ̀ bó ṣe ń sáré, gbogbo ẹ̀ ti lọ, tánkà ojú títì ló ń wá pàdé wọn báyìí.

Èédú náà ti di ọ̀ràn. Ibi ìwakùsà Ffos-y-fran lẹ́bàá Merthyr Tydfil ní Wales ló ń pèsè púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń jó, wọ́n ti í pa lóṣù Kọkànlá 2023, ó di kí wọ́n máa rà láti òkè òkun, ó sì wọ́n. Àwọn kan ti ń dán èédú àpòpọ̀ wò, tí wọ́n fi nǹkan ọ̀gbìn pò mọ́ èédú lílọ̀.

Ẹnìkan á bi mí pé tiwa ńkọ́. Sítíìmù ni rélùwéè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn bàbá wa kan sì jẹun ní Lóòkó, ibi iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilé Jaekel ṣì wà nínú kọ́ḿpáǹdù rélùwéè níbẹ̀ tí wọ́n kó àwọn nǹkan ìgbà yẹn sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àwòrán àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi orúkọ odò sọ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n wò kọ́ oríṣi 29 fún East Africa, ọ̀kan nínú ìyẹn ṣì dúró ní mùsíọ́ọ̀mù rélùwéè Nairobi. Ọmọ ìyá tiwa ló wà lọ́hùn-ún yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ẹ fẹ́ lọ wò ó, Bluebell Railway ní Sussex ló súnmọ́ yín, ẹ lè gba ọkọ̀ lásán dé East Grinstead kí ẹ bọ́ sínú tiwọn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àríwá lẹ wà, North Yorkshire Moors Railway wà níbẹ̀, ti Severn Valley wà lápá Birmingham. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ojú ewé wọn kí ẹ rí ẹ́ńjìnnì tó ní ìwé tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì gbẹ jù nígbà ooru, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń lò nítorí ẹta iná. Tí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ jókòó sínú kọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ ẹ́ńjìnnì jù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má wọ aṣọ funfun.